Ère Tó Wọ Kàkí Mi

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: láti Tchaourou títí dé Kika, kò sí ọ̀dọ́ kan tó mọ̀ nípa adẹ́rùbẹyẹ tó mi. Àwọn tó kù mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e dúró sóko. Igi méjì tí wọ́n so ní ìbú àti òòró, àkísà lára, igbá lórí, ó parí. Èmi ti kà nípa rẹ̀ nínú ìwé. Ìwé Faransé ni mo wí o, kì í ṣe ìwé àwọn ọmọdé tó ń sọ pé ewúrẹ́ ń jẹ koríko.

Ọwọ́ tata, obìnrin kan tó ń ta gàtò, àkàrà òyìnbó olóròóró, níbi táwọn ọkọ̀ ti ń dúró ní Tchaourou ni mo ti rí ìwé náà. Ńṣe ló ń ya á lójú ewé kọ̀ọ̀kan, tó ń fi wé gàtò fáwọn èrò ọkọ̀. Mo rí àwòrán lára èyí tó fi wé tèmi, mo ní:

"Tata, ẹ fún mi ní ìyókù ìwé yìí."

"Kí n wá fi kí ni wé gàtò? Àtẹ́lẹwọ́ ẹ?"

Mo sáré lọ sílé, mo gbé cahier mi, ìwé tí mo fi ń ṣe ìṣirò, fún un. Inú rẹ̀ dùn, ó ní bébà tèmi nípọn jù. Bí ìwé yẹn ṣe di tèmi nìyẹn. Iwájú ò sí, ẹ̀yìn ò sí, àárín ló kù, òróró sì ti gba ibẹ̀ pẹ̀lú.

Nínú ìwé náà, àgbẹ̀ kan wà nílùú òyìnbó tó gbé adẹ́rùbẹyẹ dúró sínú oko rẹ̀. Tílẹ̀ bá ti mọ́, nǹkan kan á ti sọnù nínú ilé àgbẹ̀ náà. Lọ́jọ́ kìíní, fìlà ni. Ó dé oko, ó bá fìlà lórí ère. Lọ́jọ́ kejì, ó di kóòtù. Lọ́jọ́ kẹta, bàtà. Ọkùnrin yìí á bọ́ nǹkan rẹ̀ padà lára ère, ère ò ní sọ nǹkan kan, á kàn máa wò ó. Nígbà tó yá, kò sí ohun tó kù nílé tí ère ò tíì wọ̀ rí. Àgbẹ̀ bá ń bọ̀ láti oko nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò ó títí, ó ní: "Ta nìyẹn?"

Ibẹ̀ ni ìwé já sí. Ẹnì kan nílùú yìí ti fi ìparí rẹ̀ nu ọwọ́.

Mo rò ó, mo tún un rò. Kí ló kù tí ère yẹn lè mú? Ẹ wò ó, kò sóhun tó ń dẹ́rù bà mí, gbogbo ayé ló mọ̀, ṣùgbọ́n adẹ́rùbẹyẹ inú ìwé yàtọ̀. Kìnnìún, eyín ló ní, ẹ mọ ohun tó ń wá. Olè, ẹrù yín ló fẹ́. Adẹ́rùbẹyẹ ní tiẹ̀ na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ dì mọ́ èèyàn, kò sì sọ ẹni tó ń dúró dè.

Mo ti kúrò ní lékólù nígbà yẹn. Kì í ṣe pé orí mi kú. Sùúrù ni mi ò ní. Àsìkò Révolution ni, tí ìjọba ní kí gbogbo wa máa pe ara wa ní kámárádì, wọ́n ní gbogbo lékólù gbọ́dọ̀ dáko, la bá ń kọ ebè fún oko ilé-ìwé láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Mo sọ fún maître wa pé:

"Maître, tó bá jẹ́ ti ọkọ́ ni, bàbá mi ní mẹ́rin nílé."

Ó ní: "Kámárádì, iṣẹ́ náà ni ìwé."

Mo ní: "Bon, mo ti kàwé tó nìyẹn."

Mo fi CM2, kíláàsì tó kẹ́yìn, sílẹ̀ láàárín ọdún, tèmi ti kàkí mi, ẹ̀wù lékólù. Kàkí yẹn, kò sí méjì rẹ̀. Mo ti fi abẹ́rẹ́ ran àmì kan bíi ìràwọ̀ sí àpò rẹ̀, pupa ni. Ẹni tó bá rí i lókèèrè ti mọ̀ pé èmi ni.

Ohun tí mo fẹ́ láyé ni Parakou. Tonton mi, àbúrò ìyá mi, ní garaji mẹkaníìkì níbẹ̀, ó sì ti sọ pé òun máa mú mi sọ́dọ̀ kí n kọ́ṣẹ́. Mo ti ń rí ara mi lábẹ́ kàmíyọ̀ǹ, epo lójú, tí àwọn dẹ́rẹ́bà ń pè mí ní patron, ọ̀gá pátápátá. Ṣùgbọ́n bàbá mi ló máa gbà. Ó pè mí nígbà tí ìrẹsì bẹ̀rẹ̀ sí yọ orí nínú àkùrọ̀ wa, ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà tó lọ sí Goro. Ìyá bàbá mi, ìyá àgbà, jókòó níbẹ̀, ó ń fọ́ ẹ̀pà.

Bàbá ní: "Ìwọ nìkan ló máa ṣọ́ ìrẹsì yìí. Bí ẹ̀gà bá fi í sílẹ̀ fún mi títí a ó fi gé e, ẹni tó ṣọ́ ọ á lọ Parakou. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́, èmi pẹ̀lú ẹ la jọ máa kọ ebè títí irùngbọ̀n ẹ á fi funfun."

Mo ní: "Bàbá, ẹ tiẹ̀ lè bá mi di ẹrù sílẹ̀."

Ìyá àgbà ò gbójú sókè. "Ẹni tí kò lè dúró kí ẹ̀kọ tutù. Òun ló fẹ́ dúró de ìrẹsì."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò ṣọ́ ìrẹsì rí, ẹ ò mọ ìyà. Ẹ̀gà kì í wá ní ọ̀kan. Wọ́n á bò ó bí aṣọ. Ẹ máa pariwo, ẹ máa lu páànù, ẹ máa ta òkúta pẹ̀lú kànnàkànnà, láti ìgbà tí ojúmọ́ là títí oòrùn á fi wọ̀. Bẹ́ ẹ bá lé wọn ní ìhín, wọ́n á bọ́ sí ọ̀hún, wọ́n á máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ kìíní, mo pariwo títí ohùn mi fi há. Lọ́jọ́ kejì, mo sùn díẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ìròyìn dé pé a máa bá àwọn ọmọ Goro gbá bọ́ọ̀lù ní gbogbo ọ̀sán títí a ó fi mọ ẹni tó lágbára. Ta ni ẹlẹ́sẹ̀ òsì wa? Èmi ni.

Mo bá ṣe ère.

Kì í ṣe ère lásán o. Mo gbẹ́ igbá fún orí, mo gé ojú láti ara ìdérí agolo tòmátì, kí oòrùn lè máa ta níbẹ̀. Mo fi koríko gbígbẹ kún inú ṣòkòtò. Kò rọrùn fún un láti dúró, ilẹ̀ àkùrọ̀ ṣì rọ̀, ni mo bá ki ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bọ inú apẹ̀rẹ̀ ńlá kan tó ti gbó, mo sì fi koríko dí apẹ̀rẹ̀ náà. Ó ku ẹ̀wù. Àkísà wà nílé, ṣùgbọ́n ojú àkísà ni ẹ̀gà ti mọ̀. Ojú mi gan-an ni wọ́n ń sá fún. Mo bọ́ kàkí mi, mo wọ̀ ọ́ fún un, mo di bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn.

Nígbà tí mo yí padà wò ó láti ọ̀nà, ara mi ni mo rí. Bí mo ṣe ń dúró ló ṣe dúró. Mo rántí ìwé yẹn: fìlà, kóòtù, bàtà. Mo ní, "Má wulẹ̀ wò mí, èmi ni mo fún ẹ, o ò jí i." Mo bá lọ sí Goro.

Ó ṣiṣẹ́! Ọjọ́ méjì gbáko, ẹ̀gà kan ò bà. Lọ́jọ́ kẹta, mo bá ọ̀kan lórí rẹ̀ tó ń nu ẹnu mọ́ igbá. Ẹyẹ ti mọ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn ò tíì mọ̀, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Bàbá mi máa ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ tó bá ń lọ sí oko iṣu, ojú rẹ̀ ò sì ríran ọ̀ọ́kán dáadáa. Nígbà tó jókòó sídìí ìyán lálẹ́, ó ní:

"Ọmọ yìí, mo rí ẹ lónìí. Oòrùn tó ń pa aláǹgbá, o ò kúrò lójú kan."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Mo juwọ́ sí ẹ. O juwọ́ padà."

"Mo rí yín, Bàbá." Afẹ́fẹ́ ló ń gbé apá ẹ̀wù yẹn.

Ìyá àgbà wo ẹsẹ̀ mi. "Ẹni tó dúró nínú àkùrọ̀ látàárọ̀. Eruku pápá bọ́ọ̀lù ló wá ń jáde nínú ẹrẹ̀ báyìí?"

"Ìyá àgbà, ṣé ẹ ti rí ẹtù yín?"

Mo mọ ohun tí mo ṣe. Abo ẹtù rẹ̀ kan, awó tó ń yé dáadáa, ti sọnù, ọ̀rọ̀ ẹtù yẹn ló gbà á lẹ́nu títí a fi jẹun tán. Gbogbo aládùúgbò ló ti fura sí. Ó ní ẹni tó bá jẹ ẹ́, kí ẹtù náà máa ké nínú rẹ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ló kù. Odò kékeré kan wà ní ìdí oko wa, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pẹja. Bí wọ́n bá gba inú oko kọjá, wọ́n á rí ère, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín á dé etí bàbá mi. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, nígbà tí gbogbo wa jókòó sábẹ́ máńgòrò, mo sọ ìtàn inú ìwé yẹn fún wọn. Mo fi àwòrán hàn wọ́n, òróró gàtò sì jẹ́ kó dà bí ẹ̀jẹ̀. Nítorí pé ìparí ò sí, mo fi tèmi sí i: eyín, èékánná, ìfun àgbẹ̀ lórí igi. Mo wá fi ohùn jẹ́jẹ́ parí rẹ̀ pé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé gẹ́lẹ́ ni mo ṣe ṣe èyí tó wà lóko wa.

Kò sẹ́ni tó lọ pẹja mọ́. Mo ń gbádùn ara mi. Ọ̀rẹ́ mi kan, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn bí àkọ̀, wá bá mi ní pápá Goro lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ta ló wà lóko yín báyìí?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Ìwọ ni mo rí níbẹ̀! Mo gba ọ̀nà kọjá nísinsìnyí. Kàkí ẹ, ìràwọ̀ ẹ. O wà níbẹ̀, o tún wà níbí!"

Ó yẹ kí n sọ òótọ́. Ẹnu mi ò lè gba òótọ́ tí ìtàn tó dùn bá wà nítòsí.

"Ṣé o kí i?"

"Mo kí i."

"Ó dáhùn?"

"Rárá."

Mo fọwọ́ lé e léjìká. "Dúpẹ́."

Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ ti jáde lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní ère yẹn ti gba aṣọ mi, pé ó kù díẹ̀ kó gba ara mi. Àwọn kan ń fọwọ́ kàn mí kí wọ́n tó bá mi sọ̀rọ̀. Èmi ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, mo ti dẹ́kun láti máa lọ sẹ́bàá rẹ̀. Ọ̀nà ni mo ti ń lu páànù.

Ọjọ́ ìkórè dé. Ní tiwa, àáró la fi ń kórè: àwa méjìlá, lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìẹ, àáró kì í sì í sún ọjọ́. Bí ọjọ́ rẹ bá kọjá, ó di ìgbà tó bá tún yí kan ẹ. Ìrẹsì ti pọ́n kọjá ààlà, ẹ̀gà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí mú igun kan. Bá ò bá gé e lọ́jọ́ náà, kò ní sí nǹkan tá a máa gé. Tonton mi sì ti ránṣẹ́ pé kàmíyọ̀ǹ òun á kọjá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Mo ti di ẹrù mi. Àpò kan ni, mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà.

Àwọn aláàáró dé pẹ̀lú dòjé lọ́wọ́. Wọ́n dé etí oko, wọ́n dúró. Olórí wọn, ọkùnrin fàkìàfakia kan tí kì í fi ìpàdé délégué, aṣojú ìjọba, ṣeré, tó ń pe ìyá rẹ̀ gan-an ní kámárádì, ló kọ́kọ́ nàgà. Ó pariwo sí ère:

"Kámárádì! O ti jí dé ibi iṣẹ́! Máa bọ̀ ká jọ bẹ̀rẹ̀!"

Bàbá mi sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. "Ta lo ń kí?"

"Ọmọ yín ni, Bàbá."

"Ọmọ mi nìyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

Olórí wò mí. Ó wo oko. Dòjé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ní: "Mo sọ fún yín! Ẹ ò gbọ́! Mo sọ fún yín!" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fà sẹ́yìn. Ọ̀kan ní inú ń run òun. Òmíràn ní òun ò sọ fún ìyàwó òun pé òun ń bọ̀ níbí. Bàbá mi na ọrùn, ó fún ojú, ó wo ìràwọ̀ pupa yẹn títí, ó yíjú sí mi, ó ní:

"Ta wá nìyẹn?"

Irun orí mi dìde. Ọ̀rọ̀ inú ìwé yẹn ni! Ọ̀rọ̀ ìyàwó àgbẹ̀!

Mo jẹ́wọ́. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, Goro, bọ́ọ̀lù, apá ẹ̀wù tó ń juwọ́. Bàbá mi ò pariwo. Ó kàn ní: "Ẹyẹ ń jẹun. Lọ wó o lulẹ̀ kí àwọn èèyàn yìí lè wọlé."

Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo wọlé. Mo rìn bí akọ. Àwọn méjìlá ń wò mí lẹ́yìn, Parakou ń wò mí níwájú. Nígbà tó ku bí ìgbésẹ̀ márùn-ún, ojú agolo yẹn tàn, ó wò mí. Mo ní, "Bon, ẹ̀wù mi ni mo wá gbà." Ni ère náà bá gbọ̀n. Mo ní ó gbọ̀n! Láti ẹsẹ̀ dé orí! Nǹkan kan ń ha sáà-sáà nínú apẹ̀rẹ̀, orí igbá yẹn sì rọra yí sí ọ̀dọ̀ mi.

Mi ò mọ ìgbà tí mo kọjá lára bàbá mi. Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ pé mo ké "Yéè, ìyá mi o!" ṣùgbọ́n irọ́ ni, "Ẹ kúrò lọ́nà" ni mo wí. Àáró tú ká. Olórí ló ṣáájú gbogbo wa. Révolution rẹ̀ kò dúró dè é.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò sá. Ìyá àgbà ń bọ̀ lójú ọ̀nà, ìyán àwọn òṣìṣẹ́ àti wàrà wà lórí rẹ̀. A rọ́ kọjá lára rẹ̀. Ó rọra sọ ẹrù kalẹ̀, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó sì wọ inú oko lọ bí ẹni tó ń lọ sẹ́yìnkùlé. A dúró lókèèrè. A rí i tó dé iwájú ère, ó wò ó lójú. Ó gbá a létí.

Igbá fò. Apẹ̀rẹ̀ dà. Abo ẹtù kan jáde láàárín ẹsẹ̀ ère, ó ké, ó sáré yí ìyá àgbà ká.

"Háà!" Ohùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. "Ẹtù mi! Ẹyin kún ibí yìí! Abẹ́ kàkí lo wá ń yé sí, ọmọ aláìmoore, tí mo fi ń ṣépè fún ọmọ olómọ!"

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Mi ò rí i kó rẹ́rìn-ín báyẹn rí, ó fi kẹ̀kẹ́ ṣe ọ̀pá. Ẹ̀rín yẹn ló dá àwọn aláàáró padà. Wọ́n gé ìrẹsì náà kí oòrùn tó rọ̀. Ìwọ̀nba ni ẹ̀gà mú. Mo ń gé, mo sì ń sọ fún wọn pé mo mọ̀ pé ẹtù ni látìgbà yìí wá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ké bí ẹtù lé mi lórí.

Kàmíyọ̀ǹ tonton dé. Mo gbé àpò mi. Bàbá mi ní kí n dúró.

"Kí ni mo sọ? Mo ní ẹni tó bá ṣọ́ ìrẹsì mi á lọ Parakou. Àbí mo sọ ohun míì?"

"Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe wí, Bàbá."

"Ta ló ṣọ́ ọ?"

Mo wo ilẹ̀. Tonton mi ti gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu olórí àáró, ó ti di ikùn mú. Bàbá mi lọ sínú oko, ó gbé ère yẹn sí èjìká, ó dé igbá rẹ̀ padà, ó sì gbé e lé ẹ̀yìn kàmíyọ̀ǹ, ó mú un jókòó sáàárín àwọn àpò ìrẹsì. Mo rò pé eré ni. Mo ń rẹ́rìn-ín. Tonton ṣáná sọ́kọ̀.

"Tonton! Kàkí mi!"

"Òun ló wọ̀ ọ́!" ni tonton ké láti inú ọkọ̀. "Á nílò rẹ̀ níbi iṣẹ́!"

Wọ́n lọ. Afẹ́fẹ́ gbé apá ẹ̀wù yẹn. Ó juwọ́ sí mi títí eruku fi bò ó.

Wọ́n ní ó wà níwájú garaji tonton báyìí, ó ń ṣọ́ táyà. Àwọn dẹ́rẹ́bà ń pè é ní patron. Èmi rèé nínú àkùrọ̀, ọdún kejì, ìrẹsì tún ti yọ orí. Bàbá mi ní àdéhùn ti tẹ́lẹ̀ náà ṣì wà. Mi ò tíì lọ gbá bọ́ọ̀lù, mi ò tíì sùn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, orí páànù tí mo fi ń lé ẹyẹ ni mo ti ń kọ èyí. Mo sì ti mọ ohun tó wà lójú ewé tó já yẹn. Ère kì í jẹ àgbẹ̀, kò ní eyín. Ipò rẹ̀ ló gbà, ó bá tirẹ̀ lọ, àgbẹ̀ wá dúró sóko, ó na ọwọ́ méjèèjì.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń gba ọ̀nà Goro kọjá tẹ́ ẹ rí ẹnì kan láàárín ìrẹsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kí i. Á dáhùn. Kẹ́ ẹ sì bá mi sọ fún tonton pé ẹni tó ń dáhùn ló mọ bí wọ́n ṣe ń di bóòtù táyà ọkọ̀.